Ìlà Kẹrin Nínú Ewì Púlọ́ńbà

Ẹ̀yin tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n máa pariwo. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó máa ṣe é lọ, kó ṣáà fi etí kan sílẹ̀ fún mi. Ìtàn ewì ìgbéyàwó kan ni mo fẹ́ sọ, ewì tí wọ́n tú palẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni tú rédíò, tí wọ́n wá bá ohun tí ẹnikẹ́ni ò rán wọn níṣẹ́ láti wá nínú rẹ̀. Mo ṣèlérí pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bí ẹ ò bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀bi yín ni, kì í ṣe tèmi.

Obìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Báírò Pupa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Lójú rẹ̀, "Màmá" ni. Olùkọ́ ewì ni, ó sì tún máa ń máàkì ìwé ìdánwò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, báírò pupa ò bá a fẹ̀yìn tì. Inú irun rẹ̀ ló máa ń fi í há sí. Bí ẹ bá kọ káàdì ìkíni ránṣẹ́ sí i, á dá a padà fún yín pẹ̀lú máàkì lára. Ìwé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn pé "Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́". Nígbà tí obìnrin yìí lọ gba oògùn níbẹ̀, ó fa ìlà pupa sábẹ́ "jẹ́ẹ́", ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Ó dùn létí. Àmọ́ ta ló ń pariwo?"

Nínú ẹbí rẹ̀, òfin kan wà tí mi ò gbọ́ níbòmíràn. Kò sí ewì tí wọ́n máa kà níbi ayẹyẹ kankan, ìbáà ṣe ọjọ́ ìbí, ìbáà ṣe ìsìnkú, tí kò ní kọ́kọ́ gba abẹ́ báírò yẹn kọjá. Ti ìgbéyàwó ló wá le jù. Ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ilé wọn, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ewì tó máa kà fún ìyàwó lójú èèyàn. Kò gbọdọ̀ yá ti ẹlòmíràn lò.

Ẹ̀rí òfin náà sì wà lára ògiri pálọ̀, nínú férémù onígíláàsì: ewì tí ọkọ Báírò Pupa kà fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó tiwọn. Àlejò tó bá wọlé, kí wọ́n tó fún un lómi, wọ́n á kọ́kọ́ fi ewì hàn án.

Ọkọ náà ńkọ́? Awakọ̀ tírélà ni tẹ́lẹ̀. Bàbá Hùn-ùn ni wọ́n ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo ìbéèrè ayé. Bàbá, ẹ ti jẹun? Hùn-ùn. Bàbá, ṣé òjò máa rọ̀ báyìí? Hùn-ùn. Bàbá, ilé ìdáná yín ń jó! Hùn-ùn, á sì dìde, á lọ bu omi. Àlejò á wo férémù, á wo Bàbá, á tún wo férémù. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bèèrè?

Báírò Pupa ní àbúrò obìnrin kan tó kú, tó fi ọmọ jòjòló sílẹ̀. Òun ló gba ọmọ náà tọ́. Ewì ló fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ewì ló fi ń jí i. Kí ọmọ náà tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà ló ti mọ àwítúnwí. Ó dàgbà, ó di nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ló sì ti rí púlọ́ńbà kan. Páìpù ló bẹ́ ní wọ́ọ̀dù, omi ń ṣàn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin náà. Ó tún páìpù ṣe, ó sì gbàgbé irinṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ó padà wá gbé e, ó tún gbàgbé fìlà. Nígbà tí páìpù ti gbẹ táútáú tí púlọ́ńbà ṣì ń wá yẹ̀ ẹ́ wò, mátíróònù ní kí àwọn méjèèjì kúkú lọ ṣègbéyàwó kí òun lè ráyè ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ ewì.

Níbi ìgbéyàwó, àga kan máa ń wà níwájú pátápátá fún ìyá ìyàwó. Nọ́ọ̀sì fẹ́ kí Báírò Pupa jókòó sórí àga yẹn. Kò sí ohun tó ń fẹ́ lọ́jọ́ yẹn tó ìyẹn, kò ka aṣọ sí, kò ka òrùka sí. Báírò Pupa sì ti sọ tirẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

"Ẹ ṣègbéyàwó yín o, mi ò dí yín lọ́wọ́. Àmọ́ bí ewì ọmọkùnrin yẹn ò bá yege, àga yẹn á ṣófo. Ẹ̀yìn ni kí ẹ máa wò mí, láàárín àwọn tó wá nítorí oúnjẹ."

Púlọ́ńbà gbìyànjú, ẹ má bú u. Ó fọ ọwọ́, ó jókòó ti ìwé, ó làágùn. Ohun tó kọ nìyí: "Ìwọ dára. O dára gan-an ni. Ẹ̀rọ omi ilé yín náà dára."

Nọ́ọ̀sì kà á, ó fi ìwé náà bo ojú.

"Kí ló ṣe é?" Púlọ́ńbà bèèrè.

"Olólùfẹ́, kò sí ohun tó ṣe é. Màmá máa pa wá ni."

Ni Nọ́ọ̀sì bá gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó kọ ewì, ó yin ara rẹ̀ dáadáa, kò sì tijú. Ó ní kí Púlọ́ńbà há a sórí. Ọmọkùnrin náà ń há a sórí lábẹ́ síńkì, ó ń há a sórí lórí òrùlé, títí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi rò pé àwọn ló ń dẹnu ìfẹ́ kọ.

Ó di ọ̀sán Sátidé. Púlọ́ńbà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá sílé Báírò Pupa. Onídìrí ni ẹ̀gbọ́n yìí, ẹnu rẹ̀ sì yára ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n fi ewì ara ògiri hàn wọ́n, wọ́n fún wọn lómi. Bàbá Hùn-ùn wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Báírò Pupa yọ báírò kúrò nínú irun, ó fi ìdí rẹ̀ kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wọn jókòó tààrà.

"Ọkọ ìyàwó, a ń gbọ́."

Púlọ́ńbà dìde, ó pa ojú dé, ó gbé e jáde:

*Mo rí ọ láàárọ̀, mo gbàgbé ọ̀nà,*
*Ọ̀nà tí mo gbàgbé ló mú mi délé,*
*Ilé tí o ò bá sí, ògiri ibẹ̀ a ké di àárọ̀,*
*Jókòó tì mí.*

Ó fẹ́ jókòó, ṣùgbọ́n Báírò Pupa ti gbọ́wọ́ sókè. "Dúró níbẹ̀ ná. Tún un kà."

Ó tún un kà. Ìdí báírò ń bá a lọ lórí tábìlì: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ojú obìnrin náà tàn bí ìgbà tó wà níwájú kíláàsì.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń rìn. Ìlà àkọ́kọ́ parí sí 'ọ̀nà', ìkejì fi 'ọ̀nà' bẹ̀rẹ̀. Ìkejì parí sílé, ìkẹta gbé 'ilé' lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà ń di ara wọn lọ́wọ́ mú bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ sọdá títì. Ẹ tún gbọ́ ìparí wọn. Kò sí èyí tí ìró rẹ̀ jọ ti èkejì, àmọ́ ẹ gbọ́ ohùn wọn: 'ọ̀nà' sọ̀kalẹ̀, 'délé' gòkè, 'àárọ̀' sọ̀kalẹ̀, 'tì mí' gòkè. Àtẹ̀gùn ni! Ìlà mẹ́ta gùn, wọ́n ń rìn. Ìkẹrin kúrú, ó jókòó."

"Ẹ̀n-ẹ́n?" Onídìrí yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ lo kọ gbogbo ìyẹn? Ìwọ tí o máa ń kí èèyàn 'ẹ káàárọ̀' lálẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo kàn ń bèèrè ni."

"Èmi náà fẹ́ bèèrè," Báírò Pupa wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ jù, Nọ́ọ̀sì sì mọ̀ pé bí ohùn yẹn bá ti rọ̀ báyẹn, ewu ń bẹ. "Ọkọ ìyàwó, kí ló dé tí o fi jẹ́ kí ìlà kẹrin kúrú?"

Púlọ́ńbà wo Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ń wo àjà.

"Ẹ̀n... Màmá, bí omi bá ń sáré bọ̀ nínú páìpù, tí ẹ bá tì í lójijì, á lu páìpù gbàgà! Ẹ gbọ́dọ̀ wá ibi tó ti máa sinmi fún un."

Báírò Pupa yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ìyẹn ò burú."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. Ká ní wọ́n ti pa ìwé dé níbẹ̀ ni, n kì bá tí ní ìtàn kankan láti sọ fún yín.

"Ìlà kẹta ńkọ́? 'Ògiri ibẹ̀ a ké di àárọ̀.' Kí ló ń pa ògiri lẹ́kún?"

Ojú Púlọ́ńbà là yán-ìn. Wọ́n ti bi í ní ohun tó mọ̀ níkẹyìn!

"Ìyẹn rọrùn, Màmá. Páìpù ló ń jò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ògiri tó ń sunkún báyẹn, ẹ má wulẹ̀ kùn ún lọ́dà, ẹ máa fi owó ṣòfò ni. Ẹ fọ́ ọ, kí ẹ wá ojú ibi tó ti ń jò. Ṣé ẹ rí èyí tó wà lẹ́yìn Bàbá yẹn? Òun náà ti ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Bàbá yíjú padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri. Ó tutù.

"Hùn-ùn," ni Bàbá wí.

Onídìrí ti bú sẹ́rìn-ín, ó ń lu itan. Báírò Pupa ò rẹ́rìn-ín. Ó fi báírò há irun padà. Ìdánwò ti parí nìyẹn.

"Ìfohunpènìyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ẹkún èèyàn wọ ògiri. Ẹni tó kọ ewì yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ò mọ̀, nítorí ìwọ kọ́ lo kọ ọ́." Ó kọjú sí Nọ́ọ̀sì. "Ìlà mẹ́ta rìn, ọ̀kan jókòó. Orí itan mi yìí ni mo ti kọ́ ọ! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rò pé mi ò ní dá iṣẹ́ ọwọ́ ara mi mọ̀ ni?"

"Màmá, ẹ máà bínú..."

"Mi ò bínú. Àga á ṣófo, ó parí."

Omi lé ròrò sójú Nọ́ọ̀sì. Ó tẹrí ba, lẹ́yìn náà ó gbé e sókè kí omi ojú má baà bọ́, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí férémù. Láti kékeré ló ti ń nu gíláàsì yẹn. Ó lè ka ewì inú rẹ̀ lójú oorun. Ṣùgbọ́n ewì ilé ni, kò sẹ́ni tó ń tú tilé wò. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan orúnkún rẹ̀: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ìka náà dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi ojú gbẹ.

Ni Nọ́ọ̀sì bá kúnlẹ̀. "Màmá, mo gbà pé mo kùnà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tún ìdánwò ṣe. Ẹ jẹ́ kí n tú ewì kan sí wẹ́wẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi, kí ẹ máàkì mi."

Olùkọ́ wo ló máa gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn tí kò ní gbà? Ọwọ́ Báírò Pupa ti lọ sínú irun fúnra rẹ̀. "Ewì wo?"

Nọ́ọ̀sì dìde, ó gbé férémù kúrò lára ìṣó.

"Gbé e padà! Gíláàsì yẹn á fọ́!"

"Mo ti ń nù ún láti kékeré, Màmá, kò fọ́ rí." Ó gbé e lé tábìlì, ó kà á sókè:

*Mo wà lókèèrè réré, mo gbọ́ ohùn,*
*Ohùn tí mo gbọ́ ló kọ́ mi lẹ́rìn-ín,*
*Ẹ̀rín tí o bá rín, òṣùpá á yọjú wá wò,*
*Dúró tì mí.*

"Ẹ wò ó," Nọ́ọ̀sì wí, ó sì fi ohùn kíláàsì sọ ọ́. "'Ohùn' parí ìlà kan, ó bẹ̀rẹ̀ èkejì. 'Ẹ̀rín' náà ṣe bẹ́ẹ̀. 'Ohùn' sọ̀kalẹ̀, 'lẹ́rìn-ín' gòkè, 'wò' sọ̀kalẹ̀, 'tì mí' gòkè. Ìlà mẹ́ta ń rìn..."

"Ìkẹrin jókòó!" Onídìrí kígbe.

"Ó dúró ni!" Báírò Pupa náà kígbe. "'Dúró' ló wà níbẹ̀. Ẹ ò lè kàwé ni?"

"Ó dúró bí ẹni tó jókòó, Màmá," Onídìrí wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Hùn-ùn. "Bàbá, ewì yín yìí dùn púpọ̀. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ìlà kẹta: kí ló mú òṣùpá yọjú?"

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wo àjà.

Bàbá wúkọ́. Ó gbá apá àga mú, bí ẹni tó fẹ́ gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ọ̀rọ̀ sì jáde lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ gidi.

"Iná iwájú ọkọ̀ mi ni. Kì í tàn nígbà yẹn. Bí òṣùpá ò bá yọ, a ò lè rìn."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Báírò Pupa. Púlọ́ńbà nìkan ni kò rí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó mirí, ó ní, "Òótọ́ ni Bàbá sọ. Èèyàn ò lè wakọ̀ nínú òkùnkùn."

Onídìrí yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ bo ẹnu. Báírò Pupa fún ètè pọ̀, ó fún un, ó fún un, títí èjìká rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ẹ̀rín sì bú jáde gba imú rẹ̀.

"Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?" ó ní, ó ń nu ojú. "Bàbá mi ló ní kò sí ọmọ òun tó máa fẹ́ ẹni tí kò lè kọ ewì. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin yìí mú wá? Mo ṣì rántí gbogbo rẹ̀. 'Ìwọ dára. O dára gan-an. Mọ́tò mi náà dára.'"

Púlọ́ńbà gbọ́ ọ, ó sì wo Bàbá Hùn-ùn bí ẹni tó pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti sọnù.

"Àmọ́ òfin ṣì jẹ́ òfin." Ó ti yọ báírò kúrò nínú irun. Báírò Pupa gba ìwé tí Nọ́ọ̀sì kọ ewì sí lọ́wọ́ Púlọ́ńbà, ó fa ìlà pupa gba orí "Jókòó tì mí" kọjá. "Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, tìrẹ ni, ọmọ mi, má purọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìlà kẹrin, tirẹ̀ ni yóò jẹ́. Púlọ́ńbà! Ìlà kan, láti inú rẹ wá, níbi tí o dúró sí yẹn. Má wo àjà, má wo ìyàwó."

Ó wo ìyàwó. Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní:

"Bí omi bá kún ilé wa, mi ò ní jáde láìsí ẹ."

Ìdí báírò kan tábìlì, ó dúró, ó tún kàn án, ó ṣi ẹsẹ̀ gbé. "Ó gùn jù. Kò rìn, kò jókòó. Kò di ìlà kẹta lọ́wọ́ mú. Ìparí rẹ̀ ò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀, àárín ló há sí. Láti ìgbà tí mo ti ń máàkì ìwé, mi ò rí ìlà tó ṣàìsàn tó báyìí rí."

Ojú Nọ́ọ̀sì wálẹ̀.

Báírò Pupa tẹ̀ síwájú, ó kọ ìlà aláìsàn náà sábẹ́ mẹ́ta yòókù, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní pupa pé, "Ẹnikẹ́ni ò bá a kọ ọ́."

"Ẹ fi tìmùtìmù sórí àga mi lọ́jọ́ náà," ó ní. "Ìdí mi kì í fẹ́ ohun tó le."

Bí Nọ́ọ̀sì ti ń fò mọ́ ọn lọ́rùn, Báírò Pupa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ó lè rí ọkọ rẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin náà jẹ mí ní ìlà kan láti ọjọ́ yẹn."

Bàbá wo férémù lórí tábìlì. Ó wo ògiri tó ń sunkún. Ó wá wo ìyàwó rẹ̀, ó pẹ́ lójú rẹ̀.

"Hùn-ùn," ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

Báírò Pupa gbé báírò sókè láti kàn án. Ó kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan péré, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró síbẹ̀.

"Ó kúrú," ó ní. "Ó sì jókòó." Ó dìde, ó ní òun ń lọ wo ohun tó wà lórí iná. Kò sí nǹkan kan lórí iná.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Báírò Pupa ló kún àga ìyá ìyàwó, òun àti tìmùtìmù rẹ̀. Púlọ́ńbà ka ewì. Ó sọ níwájú gbogbo èèyàn pé ìlà kẹrin nìkan ni tòun, ìyàwó ló kọ ìyókù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì ka ìlà omi náà, ìlà tí kò gòkè tí kò sọ̀kalẹ̀. Bó ṣe kà á tán ni wọ́n gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀gbẹ́ àga ìyá ìyàwó, ó bọ́ gẹ́lẹ́ síbi tí báírò ì bá ti kan tábìlì: "Hùn-ùn." Ọwọ́ Báírò Pupa lọ sínú irun rẹ̀, ó sì padà wálẹ̀ lófìfo.

Púlọ́ńbà ti tún ògiri wọn ṣe. Wọ́n ti gbé férémù padà sórí ìṣó. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, kí wọ́n tó fún yín lómi, ẹ wo abẹ́ ìlà kẹrin dáadáa. Ẹ máa rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi báírò pupa kọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Bàbá ní.

Ẹ fẹ́ mọ ẹni tó sọ ìtàn yìí fún mi? Bàbá Hùn-ùn fúnra rẹ̀ ni. Mo yà kí i ní ọ̀sán kan tí ìyàwó rẹ̀ ò sí nílé, mo kàn bèèrè bóyá ògiri ti gbẹ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò sinmi, ó ń ṣe ohùn Onídìrí, ó ń kan tábìlì, ó ka ewì méjèèjì fún mi, títí a fi gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Báírò Pupa wọlé pẹ̀lú báàgì ọjà lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu, bí ẹni tí kò rí mi rí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fi dá mi lóhùn.